Àwárí Kì í Ṣe Ìṣúra: Èrò kan lórí Ọ̀rọ̀ Ìperí àti Wíwá Ohun Àpamọ́ ní Erékùṣù Brownsea

Ní oṣù keje ọdún 2023, ọmọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ fi igi ṣóńṣó wa ilẹ̀ ní ìdí igi páìnì kan ní erékùṣù Brownsea, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí èmi fúnra mi kọ sínú ìwé ìtọ́ni tí ó mú lọ́wọ́ ni ó sún un ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni 'ìṣúra abẹ́lẹ̀'. Kí alábòójútó ibẹ̀ tó dá a dúró, ihò náà ti gba apá ọmọdé dé ìgúnpá, ọmọ náà sì ti já gbòǹgbò wẹ́wẹ́ mélòó kan. Alábòójútó náà kò bínú púpọ̀. Ó bi ọmọ náà léèrè ìdí tí ó fi ń walẹ̀, ọmọ náà sì na ìwé mi sí i pẹ̀lú ọkàn mímọ́, bí ẹni pé ẹ̀rí tí kò ṣeé jà níyàn ni. Ilẹ̀ ì bá lanu nígbà náà kí n wọ inú rẹ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ògbufọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi nítorí pé àṣìṣe tí mo ṣe kì í ṣe tèmi nìkan. Ọ̀nà tí púpọ̀ nínú wa ń gbà ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìperí ni ó bí i. A jókòó sínú yàrá, a ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, a wo ìtumọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀, a sì wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó dùn ún gbọ́ létí láti fi dípò rẹ̀. A kì í sábà lọ wo ohun náà gan-an. Bí a bá sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde tán, a kì í bá a dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò lò ó.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Àwọn òbí Yorùbá kan tí wọ́n ń gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní kíláàsì kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ní èdè wa ní ọjọọjọ́ Sátidé. Olùkọ́ wọn, obìnrin kan tí ó gbóyà púpọ̀, pinnu láti kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé ní èdè Yorùbá láìfi Gẹ̀ẹ́sì là á. Ó gba àyè lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣàkóso erékùṣù náà, ó lọ fi àpótí kan pamọ́ sí etí ọ̀nà tí a gba aráyé láàyè láti rìn, ó kọ àwọn nọ́ńbà tí ó tọ́ka sí àyè náà sílẹ̀, ó sì bẹ̀ mí kí n ṣe ìwé ìtọ́ni. Mo wà ní ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní ìlú náà nígbà náà. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo fi kọ ọ́, inú mi sì dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Eré tí olùkọ́ náà fẹ́ kí wọ́n ṣe ni èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní geocaching. Kò tíì pẹ́ láyé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2000 ni Clinton, tí ó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, kéde pé ìjọba òun yóò dẹ́kun mímọ̀-ọ́n-mọ̀ ba àmì tí àwọn sátẹ́láìtì GPS ń fi ránṣẹ́ sí ará ìlú jẹ́. Ṣáájú ìgbà náà, ẹ̀rọ tí ará ìlú bá rà lè fi nǹkan bí 100 mítà ṣi olúwa rẹ̀ lọ́nà. Láti òru ọjọ́ náà, ó di nǹkan bí mítà 10 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta oṣù náà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Dave Ulmer gbé garawa oníke kan lọ sínú igbó nítòsí Beavercreek ní ìpínlẹ̀ Oregon, ó kó ìwé, fídíò, kànnàkànnà àti agolo ẹ̀wà kan sínú rẹ̀, ó sì kéde fún gbogbo ayé àwọn nọ́ńbà tí ènìyàn fi lè dé ìdí rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ti rí i. Kí oṣù karùn-ún náà tó parí, Matt Stum ti dábàá orúkọ tí eré náà ń jẹ́ títí di òní. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé tẹ́lẹ̀: ìtàn sọ pé ní ọdún 1854, ọkùnrin afinimọ̀nà kan tí ń jẹ́ James Perrott gbé ìgò kan sí Cranmere Pool ní Dartmoor kí àwọn tí wọ́n bá rin ìrìn líle náà dé ibẹ̀ lè fi káàdì wọn sínú rẹ̀.

Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe rí orúkọ náà. Geo, láti inú èdè Gíríìkì ni, ilẹ̀ ayé ni ìtumọ̀ rẹ̀. Cache, láti inú èdè Faransé ni, ó sì jáde láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó túmọ̀ sí 'fi pamọ́'. Àwọn ọdẹ onípańpẹ́ ní àríwá Amẹ́ríkà ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ń fi oúnjẹ àti ohun èlò wọn sí bẹ́ẹ̀. Kò sí wúrà níbẹ̀. Nínú gbogbo ìtàn ọ̀rọ̀ yìí, láti ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ títí dé ìdí garawa Ulmer, kò sí ìṣúra kankan. Èmi ni mo fi ìṣúra kún un, nítorí pé mo ti rí i nínú àwọn ìwé ìpolówó pé 'wíwá ìṣúra' ni wọ́n fi ń tan àwọn ọmọdé wá sínú eré náà. Ìpolówó ni mo túmọ̀, n kò túmọ̀ ohun náà.

Kí ni ìṣúra lédè wa? Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ, pàápàá jù lọ ẹni tí ó dàgbà nídìí Bíbélì tàbí Kùránì ti èdè Yorùbá, ọrọ̀ ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ sí: owó, wúrà, ohun iyebíye tí a kó jọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ náà rí àpótí olùkọ́ wọn, abọ́ oníke onídèérí ni wọ́n bá, irú èyí tí a fi ń gbé oúnjẹ lọ sí ibi iṣẹ́. Ìwé pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀, pẹ́ńsù kan, àti ohun ìṣeré wẹ́wẹ́ mẹ́ta. Ọmọbìnrin tí ó ṣí i wo inú rẹ̀, ó wo ojú mi, ó ní, 'Bàbá, ṣé èyí náà ni ìṣúra?' Ọmọ tí ó ti rin ìrìn wákàtí kan, tí ó ti fi òye rẹ̀ ka nọ́ńbà, tí ó sì ti ṣe ohun tí àgbàlagbà mìíràn kò lè ṣe, ọ̀rọ̀ tèmi ni ó sọ ayọ̀ rẹ̀ di ìjákulẹ̀.

Ti 'abẹ́lẹ̀' tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lóòótọ́, garawa Ulmer wọ ilẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n òfin eré náà lónìí kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti gbẹ́ ilẹ̀ fi nǹkan pamọ́, àfi bí onílẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Inú ihò igi, abẹ́ òkúta, ẹ̀yìn ògiri ni à ń fi í sí. Nínú Yorùbá, bò mọ́lẹ̀, rì mọ́lẹ̀, sin àti fi pamọ́ kì í ṣe ohun kan náà, àwa tí a ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin fún un ni a kò sì yẹ kí a ṣì í.

Mo wá rí ọ̀rọ̀ tí ó yẹ, ó sì ti wà lẹ́nu àwọn ìyá wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ta ni kò tíì gbọ́ ọ pé àwárí ni obìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀? Àwárí ni wíwá tí a kò ní dáwọ́ rẹ̀ dúró títí a ó fi rí ohun tí à ń wá. Ó kó iṣẹ́ àti èrè pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan, kò sì ṣèlérí ọrọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo dábàá 'eré àwárí' fún eré náà, àti 'àpótí àwárí' fún ohun tí à ń wá, ìbáà jẹ́ abọ́, ìgò tàbí garawa. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a lo ọ̀rọ̀ kan náà fún cache ti inú kọ̀ǹpútà o, nítorí pé ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń gbé ohun tí yóò tètè tún nílò sí tòsí. Kò fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, a kò sì wá a. Pé Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ kan pe méjèèjì kò sọ pé kí àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé 'ìṣúra' dùn ún gbọ́, 'àwárí' sì gbẹ. Mo gbà pé ó dùn. Ohun tí mo sì ń bá jà nìyẹn. Àìsàn kan ń ṣe wá nínú iṣẹ́ yìí: dípò kí a sọ ohun ní orúkọ, oríkì ni a máa ń kì í. A pe kọ̀ǹpútà ní ayárabíàṣá. Yíyára ni a fi yìn ín, ṣùgbọ́n bí ó ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kò sí nínú orúkọ náà, ẹ̀rọ mìíràn tí ó yára yóò sì dé lọ́la láti bá a du oríkì náà. Oríkì dára ní ojúde ọba. Nínú kíláàsì, orúkọ tí yóò ya ohun kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì ni akẹ́kọ̀ọ́ nílò. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Ifẹ̀ ní ọdún 1970, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ohun tí ó mú kí iṣẹ́ náà níyì ni pé iwájú àwọn ọmọ ni a ti ń dán ọ̀rọ̀ wò. Ọmọ ni onídàájọ́ ọ̀rọ̀ ìperí.

Àwọn ọmọ tí mo ń wí yìí náà ṣe ìdájọ́ fún mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ọjọ́ yẹn. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé pé àyè náà wà ní dígírì 50 àti ìṣẹ́jú 41 ní àríwá. Ọmọ kan bi mí pé ṣé ìṣẹ́jú 41 ni a ó fi rìn débẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ mọ́gbọ́n wá. Ìṣẹ́jú, ìgbà tí a fi ń ṣẹ́ ojú ni, àkókò ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀; kò sí bí a ṣe lè ṣẹ́ ojú lórí àwòrán ilẹ̀. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì lè fi ọ̀rọ̀ kan pe méjèèjì nítorí pé ohun kékeré ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà nínú èdè Látìn tí wọ́n ti yá a. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín, èmi tí mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ abínibí, mo gbà pé kí a yá 'mínítì' fún ìdá kan nínú ọgọ́ta dígírì kan, kí a sì jẹ́ kí ìṣẹ́jú máa bá aago lọ.

Ti ìlà ìbú àti ìlà òòró ni ó tẹ̀ lé e. Àwọn orúkọ náà tọ̀nà, n kò ní kí a pa wọ́n tì. Ìlà ìbú dùbúlẹ̀ yí ayé ká bí òjá ara agbá, ìlà òòró sì là á láti òkè dé ilẹ̀ bí ojú ibi tí awẹ́ ọsàn ti pàdé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ń rú ọmọ lójú: nọ́ńbà tí à ń kọ sára ìlà ìbú, bí a ti gòkè tó sí àríwá tàbí bí a ti sọ̀kalẹ̀ tó sí gúúsù ni ó ń sọ, èyí tí í ṣe òòró. Ti ìlà òòró ni ó sì ń sọ bí a ti rìn tó ní ìbú. Ọmọ mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ọ̀kan sí ipò èkejì. Láti ìgbà náà, nínú ìwé ìtọ́ni mi, n kì í kọ 'nọ́ńbà ìlà ìbú' mọ́. 'Ìwọ̀n àríwá' ni mo ń kọ, tàbí 'ìwọ̀n gúúsù', 'ìwọ̀n ìlà-oòrùn', 'ìwọ̀n ìwọ̀-oòrùn', mo sì ń fi orúkọ ìlà sílẹ̀ fún ìlà. Àpapọ̀ ìwọ̀n méjèèjì ni mo ń pè ní 'nọ́ńbà àyè'.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Àpẹẹrẹ tí mo fi la ọ̀rọ̀ náà yé wọn nínú ìwé mi, Ìbàdàn ni mo lò: dígírì 7 àti mínítì 23 ní àríwá, dígírì 3 àti mínítì 54 ní ìlà-oòrùn. Gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà ni ó wà ní ìlà-oòrùn ìlà òòró tí ó gba Greenwich kọjá, nítorí náà kò sí lọ́kàn mi rárá pé ọ̀rọ̀ ìlà-oòrùn yẹn lè pa ẹnikẹ́ni lára. Brownsea wà ní nǹkan bí dígírì 1 àti mínítì 58 ní ìwọ̀-oòrùn. Ẹgbẹ́ kejì fara wé àpẹẹrẹ mi, wọ́n tẹ ìlà-oòrùn sínú fóònù wọn, fóònù náà sì sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ń wá jìnnà tó kìlómítà 270 ó lé. Òótọ́ ni ó sọ. Bí ènìyàn bá kó nọ́ńbà Brownsea kọjá sí apá kejì Greenwich, yóò bá ara rẹ̀ ní àríwá ilẹ̀ Faransé, láàárín Boulogne àti Saint-Omer. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó gbé wọn kọjá òkun.

N óò fi èyí kún un fún àwọn olùkọ́ ìṣirò, nítorí ó wúlò nínú kíláàsì. Bí a bá rin mínítì kan sí àríwá, nǹkan bí kìlómítà 1.85 ni, ìbáà jẹ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Brownsea. Bí a bá rin mínítì kan sí ìlà-oòrùn ní Ìbàdàn, nǹkan bí kìlómítà 1.84 ni. Ní Brownsea kò ju nǹkan bí 1.17 lọ, nítorí pé àwọn ìlà òòró ti ń sún mọ́ ara wọn bí a ti ń lọ sí òkè ayé. Ọmọ tí ó bá ti rí i pé awẹ́ ọsàn ń tín-ín-rín bí ó ti ń sún mọ́ ìdí kò ní nílò àlàyé gígùn.

Nípa ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, mo ti rí 'ẹ̀rọ atọpinpin' nínú ìwé ìròyìn wa. Ó ṣi ènìyàn lọ́nà. Ẹ̀rọ GPS kì í tọpinpin ẹnikẹ́ni. Gbígbọ́ ni ó ń gbọ́. Àwọn sátẹ́láìtì tí kò dín ní 24 ń yí ayé ká ní òkè tí ó tó nǹkan bí kìlómítà 20,200, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń kéde àkókò àti ibi tí ó wà. Ẹ̀rọ ọwọ́ wa ń gbọ́ ìkéde náà, ó ń ṣírò bí ó ti pẹ́ tó lójú ọ̀nà, ó sì ti ara ìyẹn mọ bí sátẹ́láìtì náà ti jìnnà tó, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti ń ka iye láàárín mọ̀nàmọ́ná àti àrá. Àmì náà ń sáré tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà kò lò ju ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ kí ó tó dé ilẹ̀. Bí aago bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá yẹ̀, 300 mítà ni a ó fi ṣìnà. Aago inú sátẹ́láìtì péye gidigidi, ti inú fóònù wa kò tó bẹ́ẹ̀; ìdí nìyí tí a fi nílò sátẹ́láìtì mẹ́rin: mẹ́ta fún àyè, ẹ̀kẹrin fún àtúnṣe aago tiwa. Mo kọ́kọ́ fẹ́ pe ẹ̀rọ náà ní 'amọbi', kí ó tó ta sí mi lọ́kàn pé ibi tí í ṣe àyè àti ibi tí í ṣe aburú kò ní ìyàtọ̀ létí. Kò sí òbí tí yóò fi amọbi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. 'Ẹ̀rọ atọ́ka-àyè' ni mo fi ṣe é.

Nígbà tí ẹgbẹ́ kẹta dé abẹ́ àwọn igi páìnì, fóònù wọn ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún, nítorí pé ewé àti ẹ̀ka ń dín agbára àmì náà kù. Ó kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé mítà 8 ni ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní error. Mo ti túmọ̀ rẹ̀ sí 'àṣìṣe' nínú ìwé ìtọ́ni. Ọ̀kan nínú wọn ní, 'Ẹ̀rọ yìí ti gbà pé òun ṣe àṣìṣe, ẹ jẹ́ kí a pa á tì.' Wọ́n sì pa á tì. Ọmọ tí ó walẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Nígbà tí kò sí ẹ̀rọ mọ́, ìwé mi nìkan ni ó kù tí yóò tẹ̀ lé, ìwé mi sì ní abẹ́ ilẹ̀ ni. Àṣìṣe méjì tí mo ṣe nínú ọ̀rọ̀ pàdé ara wọn ní ìdí igi kan ṣoṣo.

Àṣìṣe ni ohun tí ènìyàn ṣe tí kò yẹ kí ó ṣe. Ohun tí ẹ̀rọ ń sọ kì í ṣe ìyẹn. Ó ń sọ pé, 'Ibi tí mo tọ́ka sí, ẹ wá a yí ká dé mítà 8.' Òtítọ́ ni ó ń sọ nípa ààlà ìmọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo dábàá fún un ni 'ìyàbàrá', láti ara yà bàrá: ìwọ̀n tí ó fi lè yà kúrò lójú ibi gan-an. Mo mọ̀ pé àwọn oníṣirò kan ń lo 'àṣìṣe' nínú ìwé wọn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un rò. Bí a bá kọ́ ọmọ pé gbogbo ìwọ̀n ní àṣìṣe nínú, a ti kọ́ ọ kí ó má gba ìwọ̀n kankan gbọ́. Bí a bá kọ́ ọ pé gbogbo ìwọ̀n ní ìyàbàrá, yóò béèrè bí ó ti tó.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó fún mi ní ìyọnu jù lọ. Erékùṣù náà fúnra rẹ̀, kí ni a ó pè é? Ó wà nínú èbúté Poole, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bí 200 hẹ́kítà. Ibẹ̀ ni Baden-Powell kó nǹkan bí ogún ọmọkùnrin lọ ní oṣù kẹjọ ọdún 1907 láti dán ètò ẹgbẹ́ Síkáọ̀tù wò. Obìnrin kan tí ó rà á ní ọdún 1927, Mary Bonham-Christie, fi í sílẹ̀ kí igbó kún un títí ó fi kú ní 1961. Lónìí National Trust ni ó ni ín, Dorset Wildlife Trust sì ń bójú tó apá àríwá rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ pupa wà níbẹ̀, èyí tí ó ti tán ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà tí wọ́n ti kó ọ̀kẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú wọlé láti Amẹ́ríkà pẹ̀lú àrùn tí ń pa ti pupa. Omi tí ó yí i ká ni ó gbà á.

Ní ilẹ̀ wa, 'igbó ọba' ni ọ̀pọ̀ ará oko ń pe igbó tí ìjọba dá sí. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, ṣùgbọ́n Brownsea ní ọ̀sà tí àwọn ẹyẹ ń pamọ sí, ó ní pápá, ó ní etíkun. Igbó nìkan kò gbà á tán. Mo kọ 'erékùṣù ìpamọ́' nínú ìwé náà. Wàyí o, ẹ wo ohun tí èdè wa ṣe fún mi. Pa mọ́ ni à ń lò nígbà tí a bá gbàdúrà kí Ọlọ́run ṣọ́ wa, fi pamọ́ náà sì ni à ń lò nígbà tí a kò fẹ́ kí ẹlòmíràn rí owó wa. Ṣíṣọ́ àti bíbò wà nínú ọ̀rọ̀ kan náà. Àpótí tí a fi pamọ́ ní erékùṣù ìpamọ́: àwọn ọmọ náà rò pé erékùṣù tí a fi àpótí pamọ́ sí ni mo ń wí. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ mi pé ilẹ̀ náà ni à ń dáàbò bò. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ ni, bóyá igi ṣóńṣó yẹn ì bá má kan ilẹ̀. 'Àgbègbè ààbò ìṣẹ̀dá' ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ó gùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ tí yóò mú igi dání.

Ibì kan wà tí Yorùbá ti yá ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Àwọn tí ń ṣe eré yìí ní orúkọ fún ènìyàn tí ń kọjá lọ tí kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Inú ìtàn Harry Potter ni wọ́n ti yá a. Àwa kò nílò láti yá nǹkan kan. Ọ̀gbẹ̀rì ni. Ẹnì kan nínú àwọn òbí kọminú pé ọ̀rọ̀ awo ni, kò yẹ fún ọmọdé. N kò rí ewu níbẹ̀, àwọn ọmọ náà sì fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pe gbogbo ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ojú omi ní ọ̀gbẹ̀rì nígbà tí a ń padà.

Ẹgbẹ́ kẹta kò rí àpótí náà títí ọkọ̀ ìkẹyìn fi fẹ́ ṣí. Àṣà eré náà ni pé kí ẹni tí kò rí i náà kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tí ó fi í síbẹ̀ lè lọ wò ó bóyá ó ti sọnù. N kò pèsè ọ̀rọ̀ fún èyí, nítorí pé àwárí ti gbé rírí sínú ara rẹ̀, kò sì ní àyè fún ẹni tí ó wá tí kò rí. Ọmọ tí ó walẹ̀ ni wọ́n fún ní pẹ́ńsù. Ó ronú díẹ̀, ó kọ ọ́ pé: 'A wá a tì.' Mo ti fi 'àwátì' kún àkójọ mi láti ọjọ́ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tí ó sàn jù ú lọ, kí ó fi ránṣẹ́ sí olóòtú.